Èsì: Bọ́ọ̀lù boccia tó ń yà sí òsì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ ní ọmọ yín tó ní cerebral palsy, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè darí iṣan ara rẹ̀ dáadáa, ń ṣe boccia, eré tí wọ́n ti ń jókòó ju bọ́ọ̀lù kó lè sún mọ́ bọ́ọ̀lù funfun kan. Ẹ ní ó máa ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáadáa nítòsí, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù funfun bá ti jìnnà, tirẹ̀ á yà sí òsì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kó máa gbé irin kí apá rẹ̀ lè lágbára sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá sílẹ̀ ná. Bọ́ọ̀lù yẹn ò wúwo, nǹkan bíi gíráàmù 275 péré ni. Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń jù ú, kí ẹ tẹjú mọ́ ìbàdí rẹ̀. Bí ìbàdí bá ń yọ̀ lórí àga, gbogbo ara á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ á sì tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó tó yẹ tàbí lẹ́yìn tó ti pẹ́ jù. Ọmọ kan tí mo ń kọ́, aṣọ ìnura méjì tí a ká sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì tí a fún dáadáa, ló ràn án lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé bọ́ọ̀lù funfun sí mítà 3, kó ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí mẹ́rin bá sún mọ́ ọn, ẹ sún un sí mítà 4. Tó bá yá, ẹ máa pààrọ̀ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ṣe máa ń rí. Bí iṣan rẹ̀ bá ti ń le, ẹ jẹ́ kó sinmi, kó mí kanlẹ̀ dáadáa. Ẹ má fipá mú un rárá.