Bí dísù ṣe tán mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí adé wà lórí mi

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí o ti ń kọrin, tí o sì ń jó lórí ìtàgé, pé o ti tu owó díẹ̀ jọ, àti pé o fẹ́ gbé eré olórin tìrẹ jáde ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Kejìlá, kí ìwọ fúnra rẹ sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ohun mẹ́ta lo wá béèrè: ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó dára kí olóòtú eré tún jẹ́ òṣèré inú rẹ̀, àti ṣé kí o yá owó kún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Èkejì ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ló jẹ mí níyà jù.

Má ṣe wà lórí ìtàgé nínú eré àkọ́kọ́ tí owó rẹ yóò gbé jáde.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ ọ. Kò dùn mọ́ èmi náà nígbà tí àgbà òṣèré kan sọ ọ́ fún mi, mo tilẹ̀ rò pé ìlara ló ń ṣe é. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, láti inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Òkè-Àró dé inú ẹgbẹ́ òṣèré tó máa ń káàkiri àwọn ilé-ìwé girama, ó sì ti sú mi kí àwọn tí kò mọ orin, tí wọn kò mọ ijó, máa dá iye tí n óò gbà fún mi. Mo wá mú ìtàn Púpùpú, obìnrin tí ìtàn àtẹnudẹ́nu Oǹdó pè ní ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba ìlú Oǹdó. Mo fi orin mẹ́rìndínlógún sọ ọ́, mo kó akọrin mọ́kàndínlógún àti onílù mẹ́jọ jọ, mo sì gba gbọ̀ngàn ńlá kan ní Àkúrẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Ní ti ẹni tí yóò ṣe Púpùpú, n kò bi ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin la kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Àlejò pàtàkì kan tí a pè kò tètè dé, àwọn ẹbí mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì ní ìwà àfojúdi ni yóò jẹ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè é. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi dúró, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná ìtàgé ń tàn, fáànù ń fẹ́, dísù tí a wọ̀n fún wákàtí mẹ́ta sì ń jó lọ lórí òfo. Nígbà tí eré wá dé ibi orin ìwúyè, tó ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí á parí, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Lórí ìtẹ́ ni mo wà. Owó tí à bá fi sáré ra dísù wà nínú àpò mi, àpò náà wà nínú yàrá ìmúra tí mo ti tì pa, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà ní ìṣẹ́tí ìró tí mo ró sábẹ́ ẹ̀wù ọba. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Olùdarí eré ń wo ojú mi láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé, alábòójútó ìtàgé ń wo ojú mi, èmi sì jókòó bí ère, nítorí pé ọba kì í dìde tú ìró lójú ìlú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn tí n kò tíì gbàgbé. Àwọn onílù kò dákẹ́, àwọn elégbè ń bá orin lọ, àwọn òǹwòran tan iná fóònù wọn, nígbà tí ẹ̀rọ sì ti kú tán, àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀, máìkì mẹ́rin péré la rí háyà fún akọrin mọ́kàndínlógún. Wọ́n gbé máìkì sí iwájú dùndún pẹ̀lú, ìlù sì bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá gbé ohùn wọn sókè, ẹ̀rọ a han gooro, yóò sì tún fà á wálẹ̀. Ká ní mo jókòó láàárín èrò ni, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní kọjá kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni mo wà, ohùn tèmi nìkan ni mo sì ń gbọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí Hubert Ògúndé ṣe é? Ṣebí Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó nínú Ọba Kò So? Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wo bí ilé iṣẹ́ wọn ṣe rí. Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré olórin fún ìjọ ní Èkó ní 1944 nígbà tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn èyí kí ó lè gbájú mọ́ eré nìkan. Ẹgbẹ́ tí ó kó jọ jẹ́ ẹgbẹ́ tí ń bá a rìn láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí òun bá wà lórí ìtàgé, ẹni tirẹ̀ ló wà nídìí owó. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, tí òfin náà kò sì kúrò títí di 1966, ẹgbẹ́ náà kò tú ká, nítorí pé ó ti mọ ọ̀nà ibòmíràn. Ọba Kò So tí Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963 dé Berlin ní 1964, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn án. Èmi àti ìwọ ń kó àwọn tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ Ajé jọ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bí o bá fẹ́ àpẹẹrẹ tòní, wo Bọ́láńlé Austen-Peters tó gbé eré olórin Saro jáde ní 2013, tó sì gbé òmíràn, Wakaa, dé London ní 2016: iṣẹ́ amòfin ló kọ́, kì í ṣe ti òṣèré.

Ní ti ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ìṣirò owó ni, orin yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí mo kọ sínú tèmi ni owó gbọ̀ngàn, aṣọ ìṣeré, pósítà, ẹ̀rọ àti owó iṣẹ́ òṣèré. N kò kọ owó ìdánrawò rárá, nítorí pé nígbà tí mo jẹ́ òṣèré, ẹlòmíràn ló ń rí sí i, mo kàn ń gba owó ọkọ̀ ni. Ṣírò ó wò: ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ìrìn 972 ni, àlọ àti àbọ̀, láti Ìjàpọ̀, láti Ọ̀bá-Ilé, láti ẹnu ọ̀nà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kí a má tíì sọ ti omi àti búrẹ́dì. Eré lásán lè fara da ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Eré olórin kò lè fara dà á, nítorí pé akọrin gbọ́dọ̀ kọ́ orin, kí ó tún kọ́ ijó, kí ó sì kọ́ bí yóò ṣe ṣe méjèèjì pọ̀ láìmí gúlegúle. Nísinsìnyí, dùùrù kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ́ wọn ní orin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí ìlù kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìyáàlù máa ń dé, òun nìkan, àwọn tó kù a sì dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí yìí. Jẹ́ kí ìyáàlù gbọ́ orin rẹ kí o tó san owó ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mi ṣe orin kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nídìí orin ìjọ, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó, kò sì ka ohùn ọ̀rọ̀ sí. Nínú orin ogun kan, a ní kí àwọn jagunjagun kọ ọ́ pé, “Ọ̀kọ̀ ọba ti dé.” Bí ohùn orin náà ṣe lọ, ohun tí èrò gbọ́ ni “Ọkọ ọba ti dé.” Obìnrin sì ni ọba. Gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín dáhùn nígbà tó yẹ kí ẹ̀rù máa bà wọ́n. Àyàn tó wà nídìí ìyáàlù ti sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé ìlù òun kọ̀ láti sọ gbólóhùn náà, a kò kà á sí.

Olórin yẹn kan náà, n kò bá a kọ ìwé àdéhùn kankan. Ọ̀rẹ́ ni wá, mo sì san owó fún un níṣojú ènìyàn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo gbọ́ méjì nínú orin Púpùpú nínú àwo ẹlòmíràn, ẹnu mi kò sì gbà á láti sọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé èmi ni mo ni ín. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó kọ orin kan ṣoṣo: ta ló ni orin, ta ló lè tún un kọ níbòmíràn, kí ni olórin yóò gbà bí eré bá tún jáde. Bí o bá sì ń ronú láti mú orin àgbà olórin kan sínú eré, má ṣe rò pé nítorí pé ó ti kú, orin rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Lábẹ́ òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú oníṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ náà yóò tó tán. Ògúndé kú ní 1990. Di ìparí 2060, àwọn àrólé rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tọ̀ lọ.

Owó ẹnu ọ̀nà kò gún. Tíkẹ́ẹ̀tì mi kò ní nọ́ńbà, ẹbí ló ń tà á, a ka bí 340 ènìyàn lórí ìjókòó, owó ènìyàn 190 péré ló sì wọlé. Fi ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ síbẹ̀. Má sì fi eré sí ọjọ́ Sátidé, nítorí pé ọ̀wàǹbẹ̀ ló ni Sátidé ní ìlú wa. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti 1976, òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú àwọn tó lè san owó wo eré: Sunday lẹ́yìn tí owó oṣù bá wọlé ni tìrẹ. Oṣù Kejìlá tí o mú yẹn, ẹgbẹ́ akọrin gbogbo ìjọ ló ń kọrin Kérésì lọ́fẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi kọrin níbi òkú àti ìgbéyàwó kí n tó san gbèsè eré alẹ́ kan yẹn tán. Àwọn onílù ni mo san tiwọn kẹ́yìn, n kò sì ní àwáwí. Ọ̀kan nínú wọn rí mi ní Ọjà Ọba, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá. Nítorí náà, ní ti owó yíyá, ìdáhùn mi ni pé kí o má yá a. Gé eré náà kúrú títí tí yóò fi gba inú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ pamọ́ fún ẹnìkan tí kò sí lórí ìtàgé, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó lówó jù wá náà ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré: eré Fela! tí ó dé Èkó ní 2011, ilé eré tí kò tó ti Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní New York ní 2008, kí ó tó bọ́ sí Broadway ní 2009.

Púpùpú kejì, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní ìlú Oǹdó ni mo gbé e lọ, ìjókòó 180, ọjọ́ Sunday mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, àti òwúrọ̀ méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé wọn san owó lápapọ̀. Akọrin mọ́kànlá, onílù mẹ́rin, kò sí máìkì kankan. Ọ̀sán gangan la ṣe é, fèrèsé ṣí sílẹ̀, dísù kò sì wọ inú ìṣirò wa. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò tó tèmi ló ṣe Púpùpú, ó sì ṣe é dáadáa jù mí lọ, nítorí pé kò ronú nípa owó. Ìlà ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Owó tí a ná padà wọlé, ó sì ṣẹ́ ku ìwọ̀nba tí a fi ra aṣọ ìkélé tuntun. Bí o bá fẹ́ mọ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ nítòsí Àkúrẹ́, lọ wo àwọn ilé-ìwé girama àtijọ́ tí òrùlé wọn ga. Sọ̀rọ̀ ní ìdí ìtàgé, kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ọ. Kìkì pé àga wọn le, kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé kí àwọn àgbà mú tìmùtìmù dání.