Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé $60 tó láti kúrò ní tábìlì kékeré nínú póókà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ògo-Olúwa l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ta póókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, lórí fóònù, wákàtí méjì lójúmọ́, ní tábìlì $0.02/$0.05. $40 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di $60. Ṣùgbọ́n wọn kì í bọ̀wọ̀ fún èèyàn níbẹ̀. Tí mo bá gbówó lé e, gbogbo wọn á fi káàdì pàǹtírí tẹ̀ lé mi, wọ́n á sì na ás méjì mi, káàdì ìbẹ̀rẹ̀ tó lágbára jù lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bọ́ sí $0.10/$0.25. Ẹnì kan tún ń ta áàpù tó ń fi káàdì àwọn ẹlòmíràn hàn. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, $60 ò tó. Kódà, kò tó fún tábìlì tí o jókòó sí yìí.

Nọ́ńbà kejì nínú $0.02/$0.05 ni big blind, owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kó tó rí káàdì. Ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ la sábà máa ń gbé jókòó, òun là ń pè ní buy-in kan. Buy-in kan níbi tí o wà jẹ́ $5, nítorí náà méjìlá péré lo ní. Níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ ń tì ọ́ sí, $25 ni, tìrẹ ò sì pé méjì ààbọ̀. Ní $0.01/$0.02, o ní ọgbọ̀n. Ibẹ̀ ni kí o lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ "wọn kì í bọ̀wọ̀ fún mi" yìí ló ń dùn mí jù, torí òun ló ń kó owó àwọn ọmọ wa lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ás méjì rẹ náà. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo fi káàdì èyíkéyìí tẹ̀ lé ọ, tí ẹ jọ da $5 kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí káàdì àárín tí gbogbo tábìlì jọ ń lò. Wàá borí ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. $10 ló wà nílẹ̀. Tí a bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ìpín rẹ á máa jẹ́ $8.50, èrè rẹ $3.50. Wá jẹ́ kí mẹ́rin tẹ̀ lé ọ. Ìgbà tí wàá borí á wálẹ̀ sí bíi 56 nínú 100. Wọ́n á máa nà ọ́ léraléra, inú á sì máa bí ọ. Ṣùgbọ́n $25 ló wà nílẹ̀ báyìí. Ìpín rẹ di $14, èrè di $9. Wọ́n ń nà ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tó ń wọlé sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ọlọ́jà wo ló máa ń kó igbá rẹ̀ kúrò l'Ọ́jà Ọba torí pé oníbàárà pọ̀ níwájú rẹ̀?

Ọ̀wọ̀ tí o ń wá ńkọ́? Tí gbogbo wọn bá ju káàdì sílẹ̀ nígbà tí o gbé ás méjì ní $0.10/$0.25, $0.35 péré lo máa rí, ìyẹn $0.10 àti $0.25 tí ẹni méjì ti kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ohun tí kò lérè láàárín àwọn tó ń tẹ̀ lé gbogbo nǹkan ni kí o máa fi òfo dẹ́rù bà wọ́n. Jáwọ́ nínú ìyẹn. Tí káàdì rẹ bá dára, má gbé e sókè sí ìlọ́po méjì. Gbé e dé ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún big blind, wọ́n á ṣì tẹ̀ lé ọ.

Ní ti èrè $20 rẹ, tábìlì kan ò lè fún ọ ju nǹkan bí ìpín káàdì 3,000 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Láàárín ìwọ̀nyẹn, oríire nìkan lè gbé èèyàn sókè ní buy-in márùn-ún, ó sì lè jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Buy-in mẹ́rin ni tìrẹ. Kò tíì fi hàn bóyá o mọ̀ ọ́n ta. Tí o bá ti pé 30,000, wò ó padà. Kódà ká ní o mọ̀ ọ́n ta gan-an, tí o ń jèrè big blind márùn-ún nínú ìpín 100, tí o bá gbé $60 lọ sí $0.10/$0.25 tí o sì kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ máa tán.

Bí wàá ṣe gùn ún nìyí. Ta $0.01/$0.02 títí owó rẹ á fi di $75. Mú $15 nínú rẹ̀, buy-in mẹ́ta, dán $0.02/$0.05 wò. Tó bá tán, padà sísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Má ṣe sọ pé o fẹ́ gbà á padà. $150 ni kí owó rẹ jẹ́ kí o tó dán $0.05/$0.10 wò, èyí tí o fẹ́ fò kọjá. $0.10/$0.25 tí ọkàn rẹ wà níbẹ̀, ó di $375. Buy-in ni kí o máa kà, má ka náírà: tí dọ́là bá gbówó lórí, owó rẹ á dà bíi pé ó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó tábìlì náà ti gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo sì ni kí o ṣí. Tí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, tí àkókò rẹ tán, wọ́n á ju káàdì rẹ nù, owó tí o ti fi sílẹ̀ á lọ.

Mi ò ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Owó ilé-ìwé, owó àjọ àti owó yíyá ò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà: láti November 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ wà, torí náà lọ bi lọ́yà nípa ti Ọ̀ṣun.

Ní ti áàpù yẹn, irọ́ gbuu ni. Orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ni káàdì àwọn ẹlòmíràn wà. Kì í dé orí fóònù rẹ àfi tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo tábìlì. Ohun tí áàpù lè rí lórí fóònù rẹ ni káàdì tìrẹ, password rẹ àti ohun tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sí ọ. Tí o bá ti gbé e sórí fóònù, yọ ọ́ lónìí, kí o sì fi fóònù mìíràn yí password póókà àti ti báǹkì rẹ padà.