Nínú àlọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Little Red Riding Hood, ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọdẹ ti ń gba ọmọbìnrin onífìlà pupa lọ́wọ́ ìkookò?

Rárá o. Nínú àlọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará oko ní Faransé, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wà ṣáájú ìwé, ọmọ náà ló gba ara rẹ̀. Nígbà tí ìkookò fẹ́ pa á jẹ nílé ìyá àgbà rẹ̀, ó ní ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbọ̀n òun. Ìkookò so okùn òwú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó tó jẹ́ kó jáde. Bó ṣe dé ìta, ó tú okùn, ó so ó mọ́ igi, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọmọdé!

Charles Perrault, òǹkọ̀wé ará Faransé, ló yọ ọgbọ́n yìí kúrò nínú ìwé rẹ̀ ní 1697: ìkookò pa ọmọ jẹ, ó tán. Ní 1812, àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kó àlọ́ jọ ní Jámánì, wá mú ọdẹ wọlé, tó fi sísọ́ọ̀sì la ikùn ìkookò. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń ba àlọ́ jẹ́ nítorí pé wọ́n sọ ọmọ náà di akíkanjú. Ohun tí àwọn ará ìṣáájú gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ń dá padà. Nínú ti Angela Carter, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ní 1979, ẹ̀rín ni ọmọ náà bú sí nígbà tí ìkookò halẹ̀ mọ́ ọn.