Kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀ òru?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe màmá mi tipẹ́, ẹsẹ̀ wọn wá ń wú báyìí, tá a bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, ilẹ̀ ò sì lè mọ́ kí wọ́n má dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Dókítà ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BNP, ó ní họ́mónù tọ́kàn ń ṣe ni. Ṣé ọkàn náà ń ṣe họ́mónù ni? — Àkọ́bí, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, wọ́n á jẹun ọmọ pẹ́ o. Ọkàn ń ṣe họ́mónù dáadáa! Lọ́dún 1981, ní Kánádà, Adolfo de Bold àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fa omi inú ẹran yàrá òkè ọkàn eku, wọ́n gún un fún eku míì, kò pẹ́ tí eku yẹn fi ń tọ̀ ṣáá, iyọ̀ sì pọ̀ nínú ìtọ̀ ẹ̀. Họ́mónù tó ṣe é la wá mọ̀ sí ANP.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: tẹ́jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn bá ti pọ̀ jù, ògiri yàrá òkè á nà, nínà yẹn ló ń mú kó tú ANP sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á wá máa da iyọ̀ nù, omi á tẹ̀ lé iyọ̀ jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ náà á dẹ̀. BNP ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà, yàrá ìsàlẹ̀ tí wàhálà bá ló ń tú u jáde jù. Tí màmá bá wá dùbúlẹ̀ lálẹ́, omi tó ti rọ̀ sẹ́sẹ̀ látàárọ̀ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á kún, ìtọ̀ dé nìyẹn. Àmọ́ ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tó ń fa omi náà lè fà á o.

Ẹ lè ní kí ló dé tẹ́sẹ̀ ṣì ń wú nígbà tí họ́mónù yìí wà. Tọ́kàn bá ti rẹ̀ gan-an, àwọn họ́mónù míì bí aldosterone á máa di iyọ̀ mú, agbára tiwọn á sì borí. Omi á wá máa pọ̀ sí i, ọkàn á sì máa nà, ìdí nìyẹn tí BNP fi máa ń ga lára ẹni tọ́kàn ẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá kéré sí 100 pg/mL, ó ṣòro kó jẹ́ ọkàn ló fa ẹsẹ̀ wíwú náà, àmọ́ àgbà àti àìsàn kíndìnrín náà lè gbé e sókè, sísanra sì lè fà á wálẹ̀, torí ẹ̀ ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra ẹ̀ ka èsì náà.

Ẹ dín iyọ̀ àti màgí ọbẹ̀ màmá kù, ẹ máa wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Tí ìwọ̀n wọn bá ṣàdéédé lọ sókè tàbí tí wọn ò lè sùn láìfi ìrọ̀rí púpọ̀ gbérí sókè, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.