Ẹ má tíì ju kọ̀ǹpútà Windows 10 yín nù

Ìbéèrè yín ni pé kọ̀ǹpútà yín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀, ó kọ̀ kò gba Windows 11. Ẹ̀yin ń fi í sanwó ní báǹkì, àwọn ọmọ ń fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣé kí ẹ ra tuntun ni àbí kí ẹ máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà fáwọn iléeṣẹ́. Ó ṣojú mi nígbà tí Windows XP kógbá sílé ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ó tún ṣojú mi nígbà tó kan Windows 7 ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ohun tójú mi rí nígbà méjèèjì ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 kọjá, ilẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà sì tàn bó ṣe máa ń tàn. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó parí ni àtúnṣe ààbò tí Microsoft, iléeṣẹ́ tó ni Windows, ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi kọ Windows 11 ló wà nínú Windows 10 náà. Túsìdeè kejì oṣooṣù ni àtúnṣe Windows 11 máa ń jáde. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á gbà á, wọ́n á gbé fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo ibi tó ti yí padà. Ibẹ̀ ni ihò wà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiyín wá burú díẹ̀ sí i, nítorí àtúnṣe tí wọ́n fi dí ògiri aládùúgbò ló ń júwe ibi tí tiyín ti sán.

Ẹ rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì èèyàn pa, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe tó yẹ kó dá a dúró jáde ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìkọlù náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ó da iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn rú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé Microsoft ní láti gbé àtúnṣe jáde fún XP tó ti pa tì láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà kì í sábà dénú ọ̀rọ̀: kọ̀ǹpútà Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, Windows 7 sì ṣì ń gba àtúnṣe nígbà yẹn. Àwọn tó ni wọ́n ni ò fi í sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ra tuntun tí ẹ sì ń tẹ "ó di ìgbà míì" ní gbogbo ìgbà tó bá ní òun fẹ́ gba àtúnṣe, owó yín lẹ ná dànù.

Ní ti Windows 7, olè kọ́ ló lé ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi kúrò lórí rẹ̀. Chrome tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni Chrome pa Windows 7 tì, ẹ̀dà 109 ló gbà kẹ́yìn, nígbà tó yá ojú ewé báǹkì kan ní òun ò ní ṣí fún wọn mọ́. Ti Windows 10 ò tíì dé bẹ́ẹ̀. Microsoft tiẹ̀ ní òun á máa fún Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò nínú Windows, ní ìmọ̀ nípa kòkòrò tuntun títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Ó dáa, àmọ́ Defender kì í dí ihò o. Olè tó ti wọlé ló ń wá.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wádìí ìdí tí Windows 11 fi kọ̀ yín. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fẹ́ tà ní ẹdinwó, TPM 2.0, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, tí wọ́n pa nínú BIOS (ojú ètò tó ń ṣí kí Windows tó tàn) nìkan ló ń dà á láàmú. Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Ẹ tàn án, ó parí. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín, ìyẹn ohun tó ń ti hard drive pa, nọ́ńbà 48 ni, ó lè wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Mo ti jókòó ti ọ̀gá kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà yìí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wà. Fáìlì ibẹ̀ lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ti pẹ́, bíi Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá láti fi Windows 11 sí i tipátipá. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi í sórí ẹ̀rọ tí owó ń gbà kọjá.

Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ńkọ́? Ẹ gbé e sórí fláàṣì, ẹ fi tan kọ̀ǹpútà láìpa ohunkóhun rẹ́, kí ẹ dán printer àti Wi-Fi wò kí ẹ tó pinnu. Ẹni tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà kíkọ nìkan ló ń ṣe kò ní wá Windows. Ẹni tó ní Excel tó kún fún macro (àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú Excel), kó má gbìyànjú ẹ̀.

Mo ṣì ń tọ́jú kọ̀ǹpútà XP kan, nítorí ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà pátákó ò mọ òmíràn, iléeṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá sílé. A yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, fláàṣì kan ṣoṣo ló ń wọ inú rẹ̀, a sì ṣe ẹ̀dà hard drive rẹ̀ lódindi. Ẹ̀dà yẹn ló gbà wá sílẹ̀: hard drive àkọ́kọ́ kú kí olè kankan tó dé.

Tiyín ń wọ báǹkì, ẹ ò lè yọ wáyà tiyín. Ẹ kó fáìlì yín sí hard drive ìta lálẹ́ òní. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Windows Update, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àfikún àtúnṣe fún Windows 10: kọ̀ǹpútà yín yóò máa gba àtúnṣe ààbò dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Bí ẹ bá gbà kí Windows máa tọ́jú ètò yín (settings) sínú àkáǹtì Microsoft, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ kò bá fẹ́, 30 dọ́là ni, ó sì tó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Windows 10 yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà 22H2, èyí tó jáde kẹ́yìn, kí ESU tó hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ wo TPM.