Ọmọ ajá wa ń tọ̀ sí ọkọ mi lẹ́sẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Alájá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ mi ra ọmọ ajá kan wálé, àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹni tó tà á ní ọ̀sẹ̀ 7 ni nígbà náà. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Tá a bá gbé e sọ̀ kalẹ̀, á kàn máa fínmú kiri, kò ní tọ̀. Bá a bá ti gòkè padà, ẹ̀yìn àga ló ń lọ tọ̀ sí. Ọkọ mi ti nà án, wọ́n ti fi imú rẹ̀ nu ìtọ̀ náà nílẹ̀, pàbó ló já sí. Èyí tó wá ń bí wọn nínú jù ni pé bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ ajá yìí á sáré pàdé wọn, á sì tọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àrífín ni, àwọn máa dá a padà. Ẹ gbà mí o. (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá àwọn ọmọ kí wọ́n má tíì dá a padà. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ yẹn, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ọmọ ajá tó bá fẹ́ kí àgbà á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, á ká ìrù sábẹ́, á ká etí sẹ́yìn, ìtọ̀ díẹ̀ á sì bọ́ lára rẹ̀. Ó ń tẹríba ni. Bí wọ́n bá wá jágbe mọ́ ọn, á rò pé ìkíni òun kò tíì tó, á tún tọ̀ sí i. Kí Bàbá Ìbejì wọlé jẹ́ẹ́, kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn, kí wọ́n lọ gbé báàgì wọn kalẹ̀ ná. Tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí wọ́n lóṣòó, kó fúnra rẹ̀ wá bá wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ pa á lábẹ́ àgbọ̀n. Bí àwọn ọmọ ajá ṣe ń dàgbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àga yẹn ló dùn mí jù, torí èmi náà ti fà á sórí ajá rí. Ajá àkọ́kọ́ tí mo ní, ajá dúdú tó ní funfun láyà, gbogbo ìgbà tó bá tọ̀ sí yàrá ni mo ń ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, a lè jọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan, á máa wo ojú mi, kò ní tọ̀. Kí n sáà yíjú, ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tí mo kọ́ ọ ni pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n rí òun níbi tó ti ń tọ̀. Ohun tí Tanímọ̀la náà ti kọ́ nìyẹn. Ẹ dá ẹgba dúró lónìí. Ìtọ̀ tẹ́ ẹ bá bá nílẹ̀, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan, torí kò mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá a wí mọ́. Bẹ́ ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ lọ́wọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ gbé e jáde.

Àpò ìtọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ 10 kéré gan-an. Lójú mọmọ, wákàtí méjì ló lè mú un mọ́ra, mẹ́ta ti pọ̀ jù. Bó bá ti jí, bó bá ti jẹun tán, bó bá ti ṣeré tán, ẹ gbé e. Mo ní ẹ gbé e o, torí bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, orí àtẹ̀gùn ló máa tọ̀ sí. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ẹ so okùn gígùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀ kí ojú má tì í. Bó bá ti ṣe tán, níbẹ̀ gan-an, ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá gòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé torí òun gòkè lẹ ṣe fún òun lẹ́ja.

Ẹ máa fún un lóúnjẹ ní àsìkò kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kẹ́ ẹ má fi abọ́ sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn lọ́sàn-án, ooru Abẹ́òkúta kì í ṣe kékeré. Lóru, ẹ tẹ́ aṣọ sínú páálí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Bó bá ń ké, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ajá kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ inú àgò tó kún fún ìgbẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ìyẹn lè ti kúrò lára rẹ̀, ẹ ó ní láti ní sùúrù sí i.

Ẹ̀yìn àga náà ńkọ́? Ẹ má da bílíìsì lé ìtọ̀, èéfín tó ń jáde lára méjèèjì burú fún ọmọdé àti ajá. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì. Kẹ́ ẹ sá rọ́ọ̀gì sóòrùn. Bí òórùn ìtọ̀ bá ṣẹ́ kù, imú rẹ̀ á mú un padà síbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ o, kì í ṣe ààtàn tí ajá ìgboro ń dé. Kòkòrò àìsàn parvo, èyí tó máa ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kì í sì í parí títí tí ọmọ ajá á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB kò jìnnà sí yín. Kí wọ́n fún un lóògùn aràn níbẹ̀ pẹ̀lú, torí aràn inú ìgbẹ́ ajá lè ran àwọn ìbejì. Bó bá ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, ẹ má dúró.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa gbà kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀, ó sì lè pé oṣù mẹ́fà kó tó dá yín lójú pátápátá. Ọjọ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bàbá Ìbejì bá wà nílé. Ẹja yẹn, àwọn gan-an ni kó máa fún un.