Ẹ̀rọ milling tòkúnbọ̀ tí kò lórúkọ: ìwọ̀n ni ẹ ó gbé lọ sọ́jà

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Èkó ni mo ti ra ẹ̀rọ milling tòkúnbọ̀ kan, èyí tí a fi ń gé irin, mo sì ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi l'Ábẹ́òkúta. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó tà á ní Bridgeport ni, pé ìlú òyìnbó ló ti wá. Orúkọ mìíràn ni mo rí lára mọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà kan sì yọ gọnbu lára irin ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi ń wa tábìlì ń yí lófo tó ìdá kan nínú mẹ́rin kí tábìlì tó rìn. Bẹ́líìtì ti já, eyín méjì sì ti kán lára gíà kan. Ẹnì kan ní kí n san owó kí òun bá mi wá iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí òun sì ra ojúlówó páàtì wá. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ẹ̀rọ, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn.

Irú ìbéèrè yìí ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́, ó sì ń dùn mí. Ọ̀dọ́ tó yá owó ra ẹ̀rọ, wọ́n tún ń mú un yá owó ra orúkọ. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan ti wo fọ́tò lórí fóònù, tó dárúkọ iléeṣẹ́ kan, tó gba owó páàtì, tó sì jẹ́ pé béárìn tó wà ní Ládípọ̀ fún gbogbo ènìyàn ló rà wá, ní ìlọ́po mẹ́ta iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ohun tí ẹ rí lára ẹ̀rọ náà wò. Orúkọ ara mọ́tò, orúkọ ẹni tó ṣe mọ́tò ni. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ milling ló ń ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èyí tó sì wà lára tiyín lè ti jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n dè mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó yọ gọnbu, ti àwọn tó da irin ni. Òun ni wọ́n fi ń mọ mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi dà á, kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fi wá íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀la, ẹ kò ní rí nǹkan gidi. Nọ́ńbà ẹ̀rọ gan-an, lílù ni wọ́n ń lù ú wọ inú irin. Ẹ wò ó ní ìpẹ̀kun tábìlì àti ní ojú ibi tí irin ti ń yọ̀ lórí irin. Ọ̀dà lè ti bò ó. Kẹrosíìnì àti àkísà ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi fáìlì ha á.

Ní ti Bridgeport tí wọ́n pè é, ẹni tó tà á lè má purọ́ fún yín. Ìlú Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut, l'Amẹ́ríkà, ni irú ẹ̀rọ yìí ti jáde ní 1938, èyí tí orí rẹ̀ ṣeé tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tó sì jókòó sórí apá tó ń yọ síwájú sẹ́yìn. Wọ́n tún ṣe é rí ní Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ dára débi pé Taiwan, Ṣáínà àti Sípéènì ṣe àwòkọ rẹ̀. Nínú ọjà wa, ó ti di orúkọ irú, bí a ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìyẹ̀fun ní Omo.

Èrò tó ń pa wá lára ni pé bí orúkọ bá ti wà, páàtì ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ méjì lè ti orílẹ̀-èdè kan náà wá, kí ọ̀dà wọn jọra, kí súkúrúù ọ̀kan jẹ́ ti íǹṣì, kí ti èkejì jẹ́ ti mílímítà. Bridgeport tí wọ́n ṣe ní Leicester pàápàá, òmíràn ní ihò R8, òmíràn ní ihò 30, ìyẹn irú ihò méjì tó ń gba kọ́tà, irin tó ń gé iṣẹ́. Tòkúnbọ̀ sì ti gba ọwọ́ tó pọ̀ kọjá: ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ mọ́tò, ẹnì kejì pààrọ̀ ọwọ́, ẹnì kẹta gbé orí ẹ̀rọ mìíràn lé e. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí orúkọ òtítọ́, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, inú ilé náà ni kí ẹ wò: ẹ tú u, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó rọrùn ni béárìn, bẹ́líìtì àti rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró. Nọ́ńbà béárìn wà lára béárìn fúnra rẹ̀. 6206 tí wọ́n ṣe ní Jámánì àti 6206 ti Ṣáínà, 30 mílímítà ni ihò wọn, 62 ni ìta wọn, 16 ni ìnípọn wọn. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹni tó ń tà á yóò mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì tí òkè rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 13 ni A, èyí tó tó 17 ni B, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni gígùn rẹ̀ ní íǹṣì: A42, B50. Ní Ládípọ̀ tàbí Agódì Gate n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní orúkọ ẹ̀rọ kí ó tó tà wọ́n fún yín.

Béárìn kan ṣoṣo ni mo yọ sọ́tọ̀, èyí tó gbé spindle, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí kọ́tà. Nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, méjì méjì tí wọ́n ti bá ara wọn mu láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ń tà á, ojú tí wọ́n sì kọ síra ṣe pàtàkì. Bí kò bá kígbe, tí kò gbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ má fi béárìn jẹnẹrétọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ni kí ẹ pè.

Ọwọ́ tó ń yí lófo ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ má tíì ní kí ẹnikẹ́ni gé nọ́ọ̀tì tuntun. Ẹ tẹjú mọ́ súkúrúù gígùn tó ń ti tábìlì, kí ẹ rọra yí ọwọ́ lọ, kí ẹ yí i bọ̀. Bí súkúrúù fúnra rẹ̀ bá ń yọ síta, tó ń wọlé, kí tábìlì tó rìn, ìdí ọwọ́ ni àléébù wà: nọ́ọ̀tì tó fún béárìn ibẹ̀ mọ́ra ti tú, tàbí béárìn ọ̀hún ti jẹ. Sípánà lè parí ìyẹn. Bí súkúrúù bá ń yí lójú kan, tí tábìlì kò mì, a jẹ́ pé nọ́ọ̀tì inú ló ti jẹ. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ó lè máa jẹ dípò súkúrúù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí súkúrúù kékeré kan wà tí ẹ lè fi fún un pọ̀. Ẹ gbìyànjú ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n àárín ni súkúrúù gígùn ti ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Bí ẹ bá fún un títí tí kò fi mì rárá ní àárín, yóò há bí tábìlì bá dé ìpẹ̀kun. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá wá di dandan kí ẹ gé tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá íǹṣì ni tàbí mílímítà. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Súkúrúù íǹṣì sábà ní eyín márùn-ún nínú íǹṣì kan, ìyẹn 5.08 mílímítà láti eyín sí eyín. Ti mílímítà sábà jẹ́ 5 géérégé. Ẹ ti tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí ọwọ́ sí ọ̀nà kan títí òfo yóò fi tán, ẹ sàmì sí i. Ẹ wá yí i ní ogún ìgbà gbáko sí ọ̀nà yẹn kan náà, ẹ má yí i padà rárá, kí ẹ wọn ibi tí tábìlì rìn dé. Bó bá jẹ́ 101.6 mílímítà, íǹṣì ni. Bó bá jẹ́ 100, mílímítà ni. Bí iye mìíràn bá jáde, ẹ pín in sí ọ̀nà ogún. Ìlà ara ọwọ́ náà lè ràn yín lọ́wọ́: bí 200 bá pé yípo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ íǹṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ ọwọ́, nítorí náà ogún ìgbà yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ. Kò pẹ́ tí mo ṣe fìrídọ̀mù ni oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá, ó ní ti Japan ni. Mo rò ó pé Japan kì í lo íǹṣì, mo sì gé nọ́ọ̀tì idẹ ní 5. Ó wọ eyín mẹ́rin, ó há gan-an. Ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Idẹ ńlá yẹn ṣòfò, mo sì dá owó ọkùnrin náà padà. Orúkọ ni mo gbọ́ tí n kò fi wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò tó ń gba kọ́tà. Ẹnu ihò 30 fẹ̀ tó 31.75 mílímítà, ti Morse 4, irú ihò mìíràn, tó nǹkan bí 31.27. Ẹni tó bá wọn ẹnu nìkan yóò ra èyí tí kò bá a mu. Ẹ tan iná sínú rẹ̀: ti 30 ń dín kíákíá bí àrọ, ti Morse ń lọ bíi pé kò dín rárá. R8 yàtọ̀ sí méjèèjì: ẹnu nìkan ló dà bí àrọ, òkè rẹ̀ gún régé ní nǹkan bí 24.1 mílímítà. Ọ̀pá tó ń fà á mọ́ òkè sábà ní eyín íǹṣì 7/16, àmọ́ àwọn àwòkọ kan lo M12. Bí ọ̀pá kò bá wọ̀ nírọ̀rùn, ẹ má fi agbára dè é.

Gíà tó kán: ẹ ka eyín rẹ̀, títí kan àwọn tó ti kán. Ẹ wọn ìta rẹ̀ láti orí eyín dé orí eyín tó kọjú sí i. Ẹ fi méjì kún iye eyín, kí ẹ fi ohun tó jáde pín ìwọ̀n ìta. Gíà eyín 40 tí ìta rẹ̀ jẹ́ 84 mílímítà: 84 pín sí ọ̀nà 42, méjì ló jáde, module 2 nìyẹn (module ni ìwọ̀n eyín gíà ti mílímítà). Bí ìta rẹ̀ bá jẹ́ 88.9, ohun tó máa jáde ni 2.117. Kò sí module bẹ́ẹ̀ lọ́jà, gíà íǹṣì ni, DP 12 (DP ni ìwọ̀n eyín gíà ti íǹṣì). Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi kọ́tà module 2 gé e, yóò jẹ gíà tó ń bá a ṣiṣẹ́ run. Eyín tó gún nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Bí ó bá dagun, ẹ gbé gíà náà wá kí a wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kún eyín yẹn kí ó fi fáìlì gbẹ́ ẹ, irú rẹ̀ kì í pẹ́ kán padà, ó sì lè mú èyí tó dára lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n lù sínú irin lè tọ́ka sí i. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú X, bíi X6325, ti Ṣáínà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 tí lẹ́tà Rọ́ṣíà wà láàárín rẹ̀, ti Soviet ni. FN1 tàbí FN2 lè jẹ́ ti HMT ilẹ̀ Íńdíà, iléeṣẹ́ tó bá Nigeria Machine Tools l'Óṣogbo ṣe pọ̀.

N kò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi so iná. Àwo ara mọ́tò tí mo ní kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ, ibí ló ti wúlò. Bó bá kọ 60 Hz, kò ní sáré tó bó ṣe yẹ lórí iná 50 Hz tiwa: èyí tó ń yí 1725 níṣẹ́jú kan yóò yí bí 1440. Èyí kò burú púpọ̀. Ohun tó ń jóná ni mọ́tò tí wọ́n so fún iná 230 fọ́ọ̀tì tí a wá gbé 415 lé. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà tó mọ iná fésì mẹ́ta ṣí àpótí rẹ̀ wò kí ẹ tó tan án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa tan án, ẹ má tíì fi bẹ́líìtì tuntun sí i. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò dá yí ní tirẹ̀ ná, kí ẹ rí ọ̀nà tó ń yí sí, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ iná kúrò, kí ẹ tó de bẹ́líìtì.